Ọmọ Tó Kẹ́yìn Ni Kí A Kọ́kọ́ Wò: Ohun Tí Àwọn Olùkọ́ Wa Lè Rí Kọ́ Lára Ilé-Ẹ̀kọ́ Ilẹ̀ Mìíràn

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Nítorí náà ni a ṣe ní kí á mú ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ilẹ̀ mìíràn wá síwájú yín, kí á lè mọ ohun tí wọ́n ṣe tí ọmọ wọn fi ń mọ̀wé, kí á sì mọ èyí tí ó wúlò fún wa nínú rẹ̀.

Nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ bá wọlé, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé: ṣé owó ilé-ẹ̀kọ́ ti pé? Ṣé aṣọ wà? Ṣé ìwé wà? Ìbéèrè pàtàkì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà lẹ́yìn wọn tí ó ju gbogbo wọn lọ: ṣé ọmọ náà mọ ìwé kà? Ènìyàn lè san owó ọdún 6 lórí ọmọ kan, kí ọmọ náà jókòó sínú kíláàsì fún ọdún 6, kí ó má sì lè ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ìyá rẹ̀. Ìjókòó ni owó rà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kò ra ìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ òrukàn ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ wà láàyè, tí ìyá rẹ̀ sì rí jájẹ, bí ilé-ẹ̀kọ́ bá já a kulẹ̀, wọn yóò wá tíṣà tí yóò máa kọ́ ọ nílé ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ òrukàn kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò bá rí gbà nínú kíláàsì, kò sí ibi tí yóò tún ti rí i gbà. Ìdí nìyí tí a fi mú ilẹ̀ mẹ́ta tí ohun kan pa pọ̀: Fínlándì, Jàpáánì àti Bùràsíìlì. Àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí kò jọra ní owó, wọn kò sì jọra ní àṣà. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí ó dára jù nínú iṣẹ́ wọn, ọmọ tí ó kẹ́yìn nínú kíláàsì ni wọ́n kọ́kọ́ wò.

FÍNLÁNDÌ: WỌ́N BẸ̀RẸ̀ LÁTI IBI TÍ Ó JÌNNÀ JÙ

Orílẹ̀-èdè kékeré ni Fínlándì, ní àríwá Yúróòpù. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò ju bíi mílíọ̀nù 5 àti ààbọ̀ lọ. Ṣáájú ọdún 1970, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín àwọn ọmọ wọn sí. Bí ọmọ bá ti tó nǹkan bí ọdún 11, wọn a yà wọ́n sọ́tọ̀: àwọn kan a lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó lè gbé wọn dé yunifásítì, àwọn yòókù a sì gba ìwọ̀nba ẹ̀kọ́ tí yóò mú wọn dé ẹnu iṣẹ́. Ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ tálákà ni ọ̀nà yunifásítì sábà máa ń dí mọ́.

Ní ọdún 1968, ilé aṣòfin wọn ṣe òfin pé kí gbogbo ọmọ, ìbáà ṣe ọmọ olówó tàbí ọmọ tálákà, jọ wà ní irú ilé-ẹ̀kọ́ kan náà fún ọdún 9. Ọdún 1972 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin náà ṣiṣẹ́. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe Helsinki tí í ṣe olú-ìlú wọn. Àríwá pátápátá ni, ní Lapland, níbi tí òtútù ti pọ̀ tí àwọn ìletò sì jìnnà sí ara wọn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ní ọdọọdún títí wọ́n fi dé agbègbè Helsinki ní 1977.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí àwọn olùkọ́. Wọ́n gbé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ sí yunifásítì, nígbà tí ó sì fi máa di 1979, wọ́n ti là á kalẹ̀ pé olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá gbọ́dọ̀ gba oyè másítà. Owó oṣù wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti àwọn olùkọ́ ilẹ̀ Yúróòpù mìíràn lọ. Iyì ni wọ́n fún wọn, àti ìfọkàntán. Títí di òní, àwọn tí ń wá àyè láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pọ̀ gan-an ju àwọn tí yunifásítì lè gbà lọ. Nígbà tí ọkàn ìjọba ti balẹ̀ pé olùkọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n dá iṣẹ́ àwọn ìsípẹ́kítọ̀ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990.

Èyí tí ó kan ọ̀rọ̀ wa jù ni ti ọmọ tí ẹ̀kọ́ kò tètè yé. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n ní olùkọ́ tí wọ́n dìídì kọ́ láti ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Bí ọmọ ọdún 7 tàbí 8 bá ń kọsẹ̀ nínú ìwé kíkà, olùkọ́ yìí a mú òun àti àwọn díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, a kọ́ wọn fún ìwọ̀nba àkókò lọ́sẹ̀, wọn a sì padà sínú kíláàsì wọn. Wọn kì í dúró kí ọmọ fìdí rẹmi ní òpin ọdún kí wọ́n tó ṣe é. Nítorí pé ọmọ púpọ̀ ni ó ń gba irú ìrànlọ́wọ́ yìí nígbà kan tàbí òmíràn, kò sí ẹni tí ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ọdún 1943, nígbà tí ogun ṣì ń lọ lọ́wọ́, ni Fínlándì ṣe òfin pé kí ilé-ẹ̀kọ́ máa fún ọmọ ní oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní ọdún 5 láti palẹ̀ mọ́, nígbà tí ó sì di 1948, òfin náà ti múlẹ̀. Wọn kò tíì lówó nígbà náà. Wọ́n mọ̀ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ní ìparí ọdún 2001, èsì ìdánwò PISA àkọ́kọ́ jáde. Ìdánwò yìí ni àjọ OECD ń ṣe fún àwọn ọmọ ọdún 15 ní oríṣìíríṣìí orílẹ̀-èdè. Fínlándì ni ó gba ipò kìíní nínú ìwé kíkà. Ohun tí ó tún yani lẹ́nu ni pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ilé-ẹ̀kọ́ kan sí èkejì kéré gan-an. Ọmọ ìlú ńlá àti ọmọ ìletò jọ mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́ tí ó kù. Èsì wọn ti wálẹ̀ láti ìgbà náà. Nínú ìṣirò, wọ́n gba 544 ní 2003. Ní 2022, 484 ni wọ́n gbà. Wọ́n ṣì wà lókè ìwọ̀n àárín gbùngbùn àwọn orílẹ̀-èdè OECD, ṣùgbọ́n wọn kò sí níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a lè ṣe àtúnṣe ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan kí á sì lọ sùn.

JÀPÁÁNÌ: OLÙKỌ́ Ń WO IṢẸ́ OLÙKỌ́

Ní Jàpáánì, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kì í dúró sí ojú kan títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọn a gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ní agbègbè náà. Báyìí, kò sí pé kí gbogbo olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ kó jọ sí àárín ìlú, kí àwọn tuntun tí kò tíì nírìírí sì máa wà ní ìgbèríko. Láti 1954 ni wọ́n ti ní òfin tí ń gbé ẹ̀kọ́ lárugẹ ní àwọn ibi tí ó jìnnà, ní orí òkè àti ní erékùṣù, tí olùkọ́ tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì ń gba àjẹmọ́nú lórí owó oṣù rẹ̀. Ọdún 1954 yìí kan náà ni wọ́n ṣe òfin oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́.

Ohun kan wà tí wọ́n ń ṣe tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Wọ́n ń pè é ní jugyō kenkyū, ìyẹn ni pé kí á yẹ ẹ̀kọ́ wò fínnífínní. Ó sì ti wà lọ́wọ́ wọn fún ohun tí ó lé ní 100 ọdún. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan a jókòó, wọn a jọ gbèrò ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, bóyá bí a ṣe ń pín nǹkan sí ìdajì àti ìdámẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn a wọ kíláàsì lọ kọ́ ọ. Àwọn yòókù a dúró yíká, wọn a máa wo àwọn ọmọ: ta ni ó yé? Ta ni ó ń wo ìwé ẹlòmíràn? Níbo ni ọmọ náà ti ṣìnà? Nígbà tí ó bá parí, wọn a tún jókòó, wọn a sọ ohun tí olúkúlùkù rí, wọn a sì tún ẹ̀kọ́ náà tò.

Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kò wá láti dá olùkọ́ náà lẹ́jọ́. Wọ́n jọ gbèrò ẹ̀kọ́ náà ni, nítorí náà bí kò bá yé ọmọ, gbogbo wọn ni ó kàn. Ní ọ̀pọ̀ ibi lọ́dọ̀ wa, olùkọ́ a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í mọ ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀ àfi bí ìsípẹ́kítọ̀ bá dé. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Olùkọ́ àgbà ní ìrírí, olùkọ́ tuntun ní ojú tuntun.

SOBRAL NÍ BÙRÀSÍÌLÌ: WỌ́N GBỌ́ KÍKÀ ỌMỌ KỌ̀Ọ̀KAN

Ẹlòmíràn lè sọ pé olówó ni Fínlándì àti Jàpáánì. Ó dára, ẹ jẹ́ kí á lọ sí ibi tí wọn kò ti lówó tó bẹ́ẹ̀. Sobral wà ní ìpínlẹ̀ Ceará, ní àríwá ìlà-oòrùn Bùràsíìlì. Ilẹ̀ gbígbẹ ni, ọ̀dá sì máa ń dà wọ́n láàmú. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ tó nǹkan bí 200,000.

Nígbà tí ọ̀rúndún yìí bẹ̀rẹ̀, Cid Gomes ni olórí ìlú náà. Ó wà nípò láti 1997 sí 2004. Wọ́n ti kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ sì ti wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n wá kàwé, wọ́n rí i pé nínú àwọn tí ó ti lo ọdún méjì mẹ́ta nínú kíláàsì, ó sún mọ́ ìdajì tí kò lè kà á.

Wọn kò bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Wọ́n mú ohun kan ṣoṣo ṣe àfojúsùn: kí gbogbo ọmọ mọ ìwé kà láàrin ọdún kìíní sí ìkejì rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́. Gbogbo ohun yòókù tẹ̀lé e. Tẹ́lẹ̀, àwọn olóṣèlú ni ó ń yan ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n fòpin sí i, wọ́n ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ ipò náà wá ṣe ìdánwò àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n pa àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké tí kò lágbára pọ̀. Wọ́n fún olùkọ́ ní ìwé àti ètò tí yóò fi máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, wọ́n sì ń pè wọ́n wá fún ẹ̀kọ́ déédéé. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń dán àwọn ọmọ wò, kì í sì í ṣe olùkọ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó ń dán an wò.

Ìjọba àpapọ̀ Bùràsíìlì ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní IDEB, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 10. Ní 2005, máàkì Sobral fún àwọn ọdún àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 4.0, ìlú tí ó sì wà níwájú rẹ̀ lé ní 1,000. Ní 2017, ó gba 9.1, ó sì di ipò kìíní nínú ìjọba ìbílẹ̀ tí ó lé ní 5,000 ní gbogbo Bùràsíìlì.

Nígbà tí Cid Gomes di gómìnà Ceará ní 2007, Izolda Cela tí ó ti bójú tó ẹ̀kọ́ ní Sobral bá a lọ, ó sì di ẹni tí ń darí ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ náà. Wọ́n mú ètò Sobral dé gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 184 tí ó wà níbẹ̀. Wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín owó orí ọjà fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ padà, tí apá kan nínú owó náà fi ń tẹ̀lé bí àwọn ọmọ ìlú náà ṣe ń mọ̀wé sí i. Wọ́n tún dá ẹ̀bùn sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ṣe dáadáa jù, tó 150. Ṣùgbọ́n wọn kì í san gbogbo ẹ̀bùn náà lẹ́ẹ̀kan. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn gbọ́dọ̀ mú ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó wà nísàlẹ̀, kí ó ràn án lọ́wọ́ títí tí èsì tirẹ̀ náà yóò fi gòkè, kí wọ́n tó san owó tí ó kù.

Àwọn kan ń kùn pé ìdánwò ti pọ̀ jù níbẹ̀, pé olùkọ́ lè máa fi gbogbo ọkàn sí ohun tí ìdánwò yóò bèèrè. Ìkùnsínú yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì yẹ kí á máa rántí rẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ tí ó mọ ìwé kà ní ọdún 7 ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

KÌ Í ṢE OHUN ÀJÈJÌ SÍ WA

Kí a má ṣe rò pé ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni ọgbọ́n wà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, àwọn ọmọ sì ya wọ ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún 6, tí Òyìnbó sì dúró bí ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, títí kan nínú Òyìnbó. Ní Fínlándì pẹ̀lú, èdè Finnish ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ tí ń sọ Finnish, èdè Swedish ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọmọ tí ń sọ Swedish.

Ẹ tún rántí ilé-kéwú. Ọmọ a mú wàláà rẹ̀ lọ sí iwájú alfa, a kà á létí alfa, òun nìkan. Bí kò bá tíì mọ̀ ọ́n, kò ní fọ wàláà náà kí wọ́n kọ òmíràn sí i. Alfa mọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan dé. Ohun tí Sobral padà sí nìyẹn.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni a lè kó wá. Bí a bá mú ìsípẹ́kítọ̀ kúrò bí ti Fínlándì láì tíì kọ́ olùkọ́ bí ti Fínlándì, a ti ba nǹkan jẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan wọ̀nyí kò dúró de ìjọba:

1. Kí olùkọ́ gbọ́ kíkà ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Àwọn àjọ kan ní Íńdíà ti ń fi ìwé pélébé kan ṣe é láti 2005: lẹ́tà díẹ̀, ọ̀rọ̀ díẹ̀, ìpínrọ̀ kan, àti ìtàn kúkúrú kan. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lórí ọmọ kan, olùkọ́ yóò sì mọ ibi tí olúkúlùkù dúró.

2. Kí ìrànlọ́wọ́ tètè dé. Igi gangan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ọmọ tí kò mọ lẹ́tà ní oṣù kẹwàá, kí á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lọ́tọ̀ ní oṣù kẹwàá náà. Kí á má ṣe dúró de ìdánwò ìparí ọdún.

3. Kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ jù wà ní kíláàsì kìíní àti ìkejì. Ibẹ̀ ni ìpìlẹ̀ wà.

4. Kí àwọn olùkọ́ jọ gbèrò ẹ̀kọ́ kan lóṣù, kí wọ́n jọ wò ó, kí wọ́n sì jọ tún un ṣe.

5. Kí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń ṣe dáadáa fa èyí tí ó wà nítòsí rẹ̀ lọ́wọ́.

Ní ti ẹ̀yin alágbàtọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó, ẹ má jẹ́ kí ipò tí wọ́n kọ sínú káàdì tán yín lójú. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì kan tí ó mọ ìwé kà, ẹnìkan yóò ṣáà gba ipò kìíní níbẹ̀. Bí ọmọ bá mú káàdì rẹ̀ dé, ẹ gbé ìwé lé e lọ́wọ́, ìwé tí kò tíì rí rí, ẹ ní kí ó ka ìpínrọ̀ kan sí yín létí, kí ó sì sọ ohun tí ó kà. Bí ó bá kà á, ẹ yìn ín. Bí kò bá lè kà á, ẹ má nà án, ẹ má sì bú u. Ẹ lọ bá olùkọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà, kí ẹ jọ sọ ohun tí ẹ óò ṣe. Ọmọ tí kò ní bàbá tí yóò lọ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀, àwa ni kí á lọ bá a sọ ọ́.